Omi Tí Bàbá Oko Ń Bù Sórí Pọ́ǹpù Àdùkẹ́

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi ni Wọ́lé rewáyà, tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ní ọgbà àwọn mẹkáníìkì ní Àkúrẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé inú ọkọ̀ bàbá mi ni mo jókòó sí nígbà tí gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, ìpàkọ́ awakọ̀ ló ń rí, kò rí ohun tí ọwọ́ awakọ̀ ń ṣe. Ìdajì ìtàn ni mo fojú ara mi rí. Wọ́lé ló gbé ìdajì kejì wá, lọ́jọ́ tó wá kí wa lẹ́yìn ìsìnkú bàbá mi. Ó jókòó sórí àga oníke, ó ń yí ìgò mínírà po lọ́wọ́, ó kàn ṣàdédé bú sẹ́rìn-ín pé, "Bọ̀dá, ṣé ẹ mọ̀ pé Bàbá pa gbogbo wa láyò?"

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ibi tó dùn.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ń tẹ bọ́tìnnì, ọkọ̀ sì ń dáhùn. Ọkọ̀ ìgbà tiwa, àfi kí ẹ kí i kó tó jí. Láàárọ̀ ọyẹ́, bàbá mi á fa ṣóòkì, á tẹ epo lẹ́ẹ̀kan, á dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni ń gbàdúrà, kó tó yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ á wúkọ́, á tún wúkọ́, á wá gbọn ara rẹ̀ bí àkùkọ tó fẹ́ kọ. Gbogbo àdúgbò ló mọ ikọ́ ọkọ̀ ara wọn. Bí ti ojúlé iwájú bá ti bẹ̀rẹ̀, ìyá wa á lu ilẹ̀kùn yàrá wa pé, "Tíṣà ti ń lọ síléèwé o, ẹ dìde!" A ò nílò aago.

Ọkọ̀ tiwa ń jẹ́ Àdùkẹ́. Aláwọ̀ ewé ni, imú rẹ̀ gùn, ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ sì rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá jókòó sí i á rì wọnú rẹ̀, tí orúnkún rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Bàbá mi ló sọ ọ́ ní Àdùkẹ́. Ìyá wa ní òun ò mọ Àdùkẹ́ kankan, orogún òun ni. Bí Sátidé bá mọ́, tí ó rí bàbá mi pẹ̀lú péèlì omi àti kànrìnkàn, á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á káwọ́ lérí: "Orogún mi ti wẹ̀. Èmi ọmọ olọ́mọ ò tíì rí omi bọ́jú."

Ọmọ Oǹdó ni wá. Iṣẹ́ ìjọba ló gbé bàbá mi wá sí Àkúrẹ́. Ní ìparí oṣù, a ó wọ inú Àdùkẹ́, ó di Oǹdó: ìsìn ìdúpẹ́ ni o, ìkórè ni o, ìyàwó ṣíṣe ni o. Bó bá bọ́ sí àsìkò ọdún Ògún, àwọn mẹkáníìkì ìlú á so màrìwò mọ́ iwájú gbogbo ọkọ̀ tó bá wọlé. Ọmọ Áńgílíkà pọ́ńbélé ni bàbá mi, akọrin ni ní ṣọ́ọ̀ṣì, síbẹ̀ kò ní tú màrìwò yẹn títí a ó fi padà dé Àkúrẹ́. Bí ìyá wa bá wò ó lójú, á ní, "Ewé ni, Ìyá Fọlákẹ́. Ewé kì í ṣe ẹbọ." Fọlákẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, òun ni wọ́n fi ń pe ìyá wa.

Àbọ̀ ìrìn àjò wọ̀nyẹn ni ọ̀rọ̀ wà. A ó ti jẹ iyán ọ̀sán tán nílé ẹbí, a ó ti di iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, oòrùn á wà lókè orí gan-an. A ó kọjá Bọ́lọ́rundúró, a ó wọ àárín oko kòkó. Nígbà yẹn, òórùn kòkó tí wọ́n sá sẹ́bàá ọ̀nà máa ń gba fèrèsé wọlé, ó kan díẹ̀ bí ọtí, ó dùn díẹ̀ bí oyin. Lẹ́yìn náà ni òkè kan wà, òkè gígùn tó rọra ń gbé ara rẹ̀ sókè. Ní ẹsẹ̀ òkè yẹn, Àdùkẹ́ á ṣe hẹ́-hẹ̀-hẹ́, á mí kanlẹ̀, á kú.

Ojú kan náà ni, nígbà gbogbo. Ohun tó fà á ò le. Pọ́ǹpù tó ń fa epo láti inú táǹkì wá sí kábúrétọ̀ tó ń bù ú fún ẹ́ńjìnnì, ara ẹ́ńjìnnì ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́, ẹ́ńjìnnì náà ló sì ń tì í ṣiṣẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, epo inú páìpù á hó bí omi ẹ̀kọ, á di ooru, pọ́ǹpù á wá máa fa òfìfo. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí a mọ̀ nígbà náà ni kí á rẹ àkísà sómi tútù, kí á fi wé pọ́ǹpù náà lórí, kí á dúró títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀. Àwa nìkan kọ́ o. Ọ̀nà yẹn kún fún ọkọ̀ tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ẹni ń yán. Àwọn obìnrin tó ń sun àgbàdo mọ ọkọ̀ tí yóò kú síwájú wọn, wọ́n á ti sún bẹ́ǹṣì síta. Awakọ̀ tó bá ń kọjá á dín eré kù, á yọrí: "Ẹ kú ewu o! Ṣé kò sí?" Ẹ wo ọ̀nà yẹn lónìí. Bí ọkọ̀ bá dúró, gíláàsì ni àwọn tó kù ń gbé sókè. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, mi ò sì bá wọn wí.

Ojú ibi tí Àdùkẹ́ ń kú sí yẹn, iwájú ilé Bàbá Oko ni.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Bàbá Oko, ọmú kan náà ni wọ́n mu. Oko kòkó ló ń dá níbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìyá wọn sì lo ọjọ́ ogbó rẹ̀ sí. Nígbà tí màmá àgbà kú, Bàbá Oko ní inú oko yẹn ni kí wọ́n sin ín sí, lábẹ́ igi ọsàn tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn. Bàbá mi ní rárá, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ní Oǹdó ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Àwọn ẹbí tẹ̀ sọ́dọ̀ bàbá mi, wọ́n sì gbé òkú lọ. Létí sàréè, Bàbá Oko gbọn iyẹ̀pẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ dànù, ó ní, "Láti òní lọ, o ò gbọdọ̀ wọ àgbàlá mi mọ́, àfi tí mo bá fẹnu ara mi pè ọ́ wọlé."

Bàbá mi dáhùn pé, "Èmi náà ò ní la ẹnu bá yín sọ̀rọ̀ mọ́, àfi tí ẹ bá kọ́kọ́ pè mí ní àbúrò yín."

Ẹ ṣàkíyèsí "yín" tó wà níbẹ̀. Nínú ìbínú yẹn náà, kò já ọ̀wọ̀ ẹ̀gbọ́n sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbúra létí sàréè ìyá ẹni, ta ni yóò kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́? Àwọn ẹbí bẹ̀bẹ̀, àlùfáà bẹ̀bẹ̀. Ọ̀kan ò pè, èkejì ò yà. Ọdún ń gorí ọdún.

Àdùkẹ́ ní tirẹ̀ kò búra fún ẹnikẹ́ni.

Nílẹ̀ wa, ẹni tí ọkọ̀ bá bàjẹ́ fún níwájú ilé rẹ ti di àlejò rẹ, a kì í fi omi dù ú, ì báà jẹ́ ọ̀tá. Etí ọ̀nà kì í sì í ṣe àgbàlá. Nítorí náà, bí Àdùkẹ́ bá ti kú, Bàbá Oko á jáde, arúgbó gíga kan tí ẹ̀wù oko rẹ̀ ti ṣá, pẹ̀lú péèlì omi lọ́wọ́ kan àti àkísà lọ́wọ́ kejì. Kò ní wo bàbá mi. Ọkọ̀ ni yóò kí.

"Ọkọ̀, o kú ìrìn o. Ṣé olówó rẹ tún ti fi òǹgbẹ gbẹ ọ́ dé ibí?"

Bàbá mi náà á dojú kọ ẹ́ńjìnnì. "Àdùkẹ́, sọ fún wọn pé òǹgbẹ kọ́. Oòrùn ni."

"Oòrùn! Ọkọ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ tó ń sáré kọjá lọ yẹn, ṣé abẹ́ òṣùpá ni wọ́n wà?"

"Àdùkẹ́, sọ fún wọn pé àwọn yẹn ò ní ojú àánú. Ìwọ lo mọ ilé tí wọ́n ti ń fúnni lómi."

Bàbá Oko á kùn bí ẹni inú ń bí, á tẹ àkísà tútù mọ́ pọ́ǹpù, á dún ṣìì. "Ọkọ̀, mo gbọ́ pé orúnkún kan ń dun ẹnì kan ní Àkúrẹ́."

"Ó ti ń sàn, Àdùkẹ́. Bi wọ́n léèrè bóyá kòkó so."

"Ọkọ̀, ó so. Ọ̀kẹ́rẹ́ ló ń bá wa jẹ ẹ́."

Ìyá wa á máa fi ìbòrí rẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀ nínú ọkọ̀. "Ẹ bá mi wo àwọn àgbàlagbà méjì tó ń bá irin sọ̀rọ̀!" Ṣùgbọ́n iṣu sísun á ti dé, pẹ̀lú epo pupa nínú abọ́. Àwa ni Bàbá Oko ń fún. Ìyá wa á bu díẹ̀ fún bàbá mi. Bàbá mi á jẹ ẹ́, á máa wo ibòmíràn, bí ẹni tí kò mọ ibi tí iṣu ti wá.

Ohun tó kù láàárín ọmọ ìyá méjì nìyẹn o: péèlì omi, àkísà, àti ọkọ̀ tó ń kú sójú kan. Bí Àdùkẹ́ bá lè gun òkè yẹn láìdúró, kò sí ohun tí yóò tún jẹ́ kí wọ́n fojú kan ara wọn títí ikú. Kò sí ẹni tó rò ó bẹ́ẹ̀ nínú wa. Ọkọ̀ tó ti gbó ni a rò pé a ní.

Ìyá wa ló kọ́kọ́ ta kú. Lọ́jọ́ kan tí oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ là á lórí, bí a ṣe dé Àkúrẹ́ ló ní, "Bàbá Fọlákẹ́, mi ò jókòó sínú ààrò yìí mọ́. Wọ́n ní pọ́ǹpù oníná ti wà. Orogún mi á gba ìtọ́jú."

"Pọ́ǹpù tó wà níbẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́."

"Iṣẹ́ wo? Èyí tí ẹ ń fi àkísà tútù lé lórí bí ọmọ tí ibà ń ṣe?"

Bàbá mi ní iná àti epo kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ó ní ohun tí wọn kò dá mọ́ ọkọ̀, a kì í fi kún un. Ó ní kí oòrùn rọlẹ̀ ká tó máa kúrò ní Oǹdó. Ẹnu yà mí, nítorí ẹni tó fẹ́ràn ohun tuntun ni. Àmọ́ obìnrin tó bá ti ní òun ò wọ ọkọ̀ mọ́, ṣé ẹ mọ̀ pé ẹjọ́ ti parí. Bí a ṣe gbé Àdùkẹ́ lọ sọ́dọ̀ Bàbá Kẹ́hìndé nìyẹn, ọ̀gá mẹkáníìkì, ọmọ Àkúrẹ́ tí kì í sọ "ilé" láé, "ulé" ni.

Ọjọ́ yẹn kò lọ bọ̀rọ̀. Pọ́ǹpù tí Bàbá Kẹ́hìndé kọ́kọ́ dè mọ́ ọn, ara ọkọ̀ ìgbàlódé tí kò ní kábúrétọ̀ ló ti tú u. Agbára rẹ̀ pọ̀ jù. Bí wọ́n ṣe tan iná, epo kún kábúrétọ̀, ó ya dà sórí ẹ́ńjìnnì, Àdùkẹ́ pọ èéfín dúdú, àwọn tó wà nítòsí sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Wọ́lé ló sáré fa okùn bátìrì yọ. Ìyá wa ti wà lábẹ́ igi máńgòrò lọ́ọ̀ọ́kán.

"Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ ò rọ́ ọmọ lágbo rí ni? Bí ẹ bá dà á sí i lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀, imú ló máa gbà jáde!"

Bàbá Kẹ́hìndé nu epo lójú, ó ń rẹ́rìn-ín. "Màmá, ibi tó gbà jáde náà nìyẹn."

Wọ́n wá èyí tó tẹ́ kábúrétọ̀ lọ́rùn wá, kékeré, onísùúrù. Wọn ò gbé e síwájú níbi tí ooru wà. Abẹ́ ọkọ̀ lẹ́yìn ni, nítòsí táǹkì, nítorí pé irú pọ́ǹpù yẹn mọ epo tì ju kó fà á lọ. Wọ́n fi asẹ́ epo ṣáájú rẹ̀. Wọ́n tú pọ́ǹpù àtijọ́ kúrò lára ẹ́ńjìnnì, wọ́n fi irin pẹlẹbẹ dí ojú ihò rẹ̀, wọ́n sì dè é pinpin. Wọ́lé fa wáyà, ó fi fúùsì sí i, ó wá de suwíìṣì kan mọ́ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó ní bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, kí bàbá mi tètè pa á, kí pọ́ǹpù má baà máa tu epo dànù. Bí wọ́n ṣe yí kọ́kọ́rọ́, a gbọ́ ohùn tuntun lábẹ́ wa: tìkì-tìkì-tìkì, bí adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo.

Ìrìn àjò tó tẹ̀ lé e, oòrùn mú bí iná. Àwa tí a wà lẹ́yìn di ìjókòó mú bí a ṣe dé ẹsẹ̀ òkè. Àdùkẹ́ kò wúkọ́. Ó gba òkè lọ bí ọmọ ewúrẹ́. Ìyá wa pàtẹ́wọ́: "Orogún mi, ara rẹ yá!"

Mo wẹ̀yìn. Bàbá Oko ti jáde. Ó ti gbọ́ dídún ọkọ̀ wa láti ọ̀nà jíjìn, ó sì ti gbé péèlì dé etí títì. Ó dúró síbẹ̀, àkísà ń kán omi lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wò wá bí a ṣe ń lọ. Nígbà tí a fẹ́ yí kọ́nà, mo rí i tó bẹ̀rẹ̀, tó gbé péèlì náà padà sílé díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó gbé ohun tó wúwo ju omi lọ.

Nígbà tí a dé Àkúrẹ́, bàbá mi ò wọlé. Kò jẹun. Mo bá a nínú ọkọ̀ nínú ọgbà ilé, ó yí kọ́kọ́rọ́ láìtan ẹ́ńjìnnì, ó ń gbọ́ tìkì-tìkì yẹn. Mo bi í pé ṣé nǹkan ṣe ọkọ̀ ni. Ó ní, "Kò sí ohun tó ṣe é. Ìyẹn ló ń ṣe é."

Oṣù tún parí, a tún lọ sí Oǹdó, a ń bọ̀. A dé ẹsẹ̀ òkè. Àdùkẹ́ ṣe hẹ́-hẹ̀-hẹ́, ó mí kanlẹ̀, ó kú.

"Pọ́ǹpù tuntun!" ni ìyá wa pariwo. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bú Bàbá Kẹ́hìndé àti ìran rẹ̀, ló bá yíjú wo bàbá mi. Mi ò mọ ohun tó rí. Ó kàn fi ìbòrí bo ojú, ó ní oorun ń kun òun.

Bàbá mi sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó dúró gbọin. Ó pẹ́ kí Bàbá Oko tó jáde. Péèlì wà lọ́wọ́ rẹ̀ náà.

"Ọkọ̀, mo rò pé ara rẹ ti yá. Mo rò pé o ti di ọlọ́lá, tí ń kọjá láìkí ara oko."

"Àdùkẹ́," ni bàbá mi wí, ohùn rẹ̀ kò gòkè, "sọ fún wọn pé àìsàn náà ti padà."

Bàbá Oko rẹ àkísà, ó tẹ orí ba, ó na ọwọ́ síbi tó ti ń tẹ̀ ẹ́ láti ìgbà yìí wá. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú. Pọ́ǹpù ò sí níbẹ̀. Irin pẹlẹbẹ ló wà níbẹ̀, tí kò sí ohun tí omi lè wò sàn lára rẹ̀. Ó wo irin náà. Ó gbé ojú sókè, ó wo ojú bàbá mi, ìgbà àkọ́kọ́ láti etí sàréè nìyẹn. Bàbá mi ń wo ilẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ká ẹran mọ́ lọ́wọ́. Ó yé arúgbó náà pé ọkọ̀ yìí kò kú fúnra rẹ̀.

Ó tẹ àkísà tútù mọ́ irin lásán yẹn, ó dún ṣìì, ó sì dì í mú síbẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ọkọ̀, sọ fún àbúrò mi pé iyán ti délẹ̀. Kó wọlé wá jẹ ẹ́ kó tó tutù."

Bàbá mi kúrò nídìí ọkọ̀. Kò wo Àdùkẹ́ mọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ọ̀dà tó ń jó, pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì funfun lọ́rùn, ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ ṣé. Mò ń bọ̀."

Ní abẹ́ igi ọsàn yẹn ni gbogbo wa ti jẹ iyán lọ́jọ́ náà. Ìyá wa ló bu ọbẹ̀. Oorun ti dá lójú rẹ̀.

Ìdajì tí Wọ́lé gbé wá nìyí. Ó ní lẹ́yìn ìrìn tí a kò dúró yẹn, bàbá mi nìkan wá bá òun. Ó ní kí òun yọ suwíìṣì yẹn kúrò lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, kí òun gbé e sí abẹ́ ìjókòó awakọ̀, lápá òsì, níbi tí ojú ẹlòmíràn kò tó. Bàbá bèèrè pé bí òun bá pa á lórí ìrìn ńkọ́? Wọ́lé ní epo tó kù nínú kábúrétọ̀ á gbé ọkọ̀ dé iwájú díẹ̀, á wúkọ́, á kú. "Bíi ti tẹ́lẹ̀?" "Bíi ti tẹ́lẹ̀ gan-an, Bàbá. Kí lẹ wá fẹ́ fi ṣe?" Bàbá mi ní, "Wọ́lé, ilé kan wà lójú ọ̀nà tí mi ò lè yà sí. Ọkọ̀ yìí ló ń bá mi yà á."

Ṣé ẹ rí i, lẹ́yìn tí ìjà ti parí, tí a ti ń wọlé tààrà, bàbá mi ṣì ń pa suwíìṣì yẹn níbẹ̀ nígbà mìíràn. Àdùkẹ́ á wúkọ́, àwọn ọmọ Bàbá Oko á bú sẹ́rìn-ín, arúgbó á gbé péèlì rẹ̀ jáde. "Ọkọ̀, o tún dé!"

Wọn ò sí mọ́, àwọn méjèèjì. Àdùkẹ́ náà ti di irin àlòkù, mi ò mọ ìkòkò tó ń jẹ́ báyìí. Ọkọ̀ tí mo ń wà nísinsìnyí, kọ̀ǹpútà ló ń bá a sọ̀rọ̀, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ nínú rẹ̀, gíláàsì rẹ̀ kì í sọ̀ kalẹ̀. Mo gun òkè yẹn lọ́sẹ̀ tó kọjá, mi ò sì mọ̀ pé mo ti gùn ún tán. Òórùn kòkó kankan ò wọlé.

Ohun rere ni, mi ò ráhùn. Ẹni tó bá ní kí ayé àtijọ́ padà, kó kọ́kọ́ jókòó sínú oòrùn yẹn bíi ti ìyá mi. Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó tì mí yìí, mo mọ̀ yín, mo mọ ẹni tí ẹ kò bá sọ̀rọ̀, mo sì mọ ojúlé tí ẹ ń fò kọjá. Ọkọ̀ tiyín kì í kú mọ́. Bí ẹnì kan bá ti gbé péèlì omi dúró dè yín létí títì, kí lẹ máa pa, kí ẹ tó lè yà kí i?